Ìkòkò Àgbo Ọdẹ́jìnmí

Gbé-e-kalẹ̀ awo òwúrọ̀, Dúró-ná awo ọ̀sán, Padà-gbé-e awo ìrọ̀lẹ́: àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló dífá fún Ọdẹ́jìnmí ahunṣọ, ní ọjọ́ tí kókó ń dùn ún lábíyá, tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kọ̀ tí kò dá, tí ó sì ń fojú sọ́nà fún ọmọ-ọmọ rẹ̀ àkọ́kọ́. Ẹ fi etí sí orúkọ àwọn awo wọ̀nyí dáadáa. Ọdẹ́jìnmí kò fi etí sí i, òun náà la sì ń sọ ìtàn rẹ̀ yìí.

Gbogbo ìlú Ìlúdùn ló mọ Ọdẹ́jìnmí. Ó fẹ́ràn òfì ju oúnjẹ lọ. Bí ó bá ti jókòó láàárọ̀, Ẹfúnyẹmí aya rẹ̀ yóò pè é títí, ohùn yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ há a, kí ó tó dìde. Ìjókòó yìí ló kó bá a. Ẹ̀jẹ̀ dì sí i lẹ́sẹ̀ òsì, ẹsẹ̀ náà wú, ó wúwo, ó ń gbóná. Padà-gbé-e, tí ó jẹ́ awo tí ó tún jẹ́ oníṣègùn, ló se àgbo fún un, ó ní kí ó máa mu ún láràárọ̀ kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè máa ṣàn geere. Àgbo náà korò bí ewúro tí wọn kò fọ̀, ṣùgbọ́n ó jẹ́. Ẹsẹ̀ lọ sílẹ̀. Ọdẹ́jìnmí padà sídìí òfì, ó ń kọrin.

Kò pẹ́ ni kókó kan yọ sí i lábíyá ọ̀tún. Ọwọ́ yẹn ló fi ń ju ọ̀kọ̀, igi kékeré tí ń gbé òwú kọjá. Gbogbo ìgbà tí ó bá jù ú, ojú rẹ̀ a fà ro. Bẹ́ẹ̀ ni Àbẹ̀ó, ọmọ rẹ̀ obìnrin, ti lóyún. Ọdẹ́jìnmí sì ti ṣèlérí pé ọ̀já tí òun bá fi ọwọ́ ara òun hun ni wọn yóò fi pọn ọmọ náà. Ó ti pa òwú rẹ̀ láró, ó ti ta á sórí òfì, kókó kò jẹ́ kí ó lọ síwájú.

Olóòlà, ẹni tí ń kọlà tí ó sì ń la eéwo fún gbogbo ìlú, wo kókó náà, ó ní gígé ni òun yóò gé e. Ó ti mú abẹ tán kí ó tó rí i pé Ọdẹ́jìnmí fi àkísà di ìka. Ó bi í léèrè. Ọdẹ́jìnmí ní ẹ̀gún kékeré kan ló gún òun láàárọ̀, ẹ̀jẹ̀ ṣì ń sun. Olóòlà dá abẹ padà sínú àkọ̀.

Ó ní, “Bàbá, bí ẹ̀gún lásán bá ṣe yín báyìí, èmi ò ní fi abẹ kàn yín. Ẹ lọ béèrè ohun tí ẹ ó ṣe kí ẹ tó padà wá.”

Ẹ̀rù ba Ọdẹ́jìnmí gidigidi. Ó rí i pé bí wọ́n bá gé òun báyìí, òun lè má fojú kan ọmọ náà láéláé.

Ó gba ọ̀dọ̀ àwọn awo mẹ́ta lọ. Wọ́n ní yóò yè, yóò sì hun ọ̀já rẹ̀, ṣùgbọ́n kí ó rúbọ. Ara tù ú. Ó ti ń ronú irú ewúrẹ́ tí yóò rà. Gbé-e-kalẹ̀ ní Ifá kò béèrè ewúrẹ́. Ìkòkò àgbo tí ó ń mu ni kí ó gbé kalẹ̀ nídìí Èṣù, kí ó má sì fi ẹnu kàn án mọ́ títí abẹ yóò fi ṣiṣẹ́ tán. Ọdẹ́jìnmí bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n gba ewúrẹ́ méjì dípò rẹ̀. Wọn kò gbà. Dúró-ná ní kí ó má tètè sáré lọ bá olóòlà o. Kí ó dúró di ọjọ́ ọjà tí ń bọ̀, kí agbára àgbo lè kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀.

Ó wá ku Padà-gbé-e. Àgbàlagbà ni, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í tètè jáde. Ó wúkọ́, ó nu ẹnu, ó tún jókòó dáadáa. Ọdẹ́jìnmí rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Ó dọ̀bálẹ̀, ó dúpẹ́, ó gba ilé lọ. Nígbà tí bàbá yìí máa sọ̀rọ̀, ẹnu ọ̀nà ló ń bá sọ ọ́, ó ṣe bí ahunṣọ ti gbọ́.

Ọdẹ́jìnmí rúbọ. Ó gbé ìkòkò kalẹ̀, ó sì dúró. Ní ọjọ́ ọjà, olóòlà gé kókó náà. Ẹ̀jẹ̀ sun díẹ̀, ó dá. Inú olóòlà dùn débi pé ó gbàgbé láti béèrè owó. Ojú ọgbẹ́ jiná, Ọdẹ́jìnmí padà sídìí òfì, ọ̀kọ̀ ń lọ, ọ̀kọ̀ ń bọ̀.

Ìkòkò àgbo wà nídìí Èṣù ní tirẹ̀. Lójú Ọdẹ́jìnmí, ohun tí a bá ti fi rúbọ ti di ti Èṣù, ta ló sì fẹ́ lọ gba nǹkan lọ́wọ́ Èṣù? Ká má purọ́, kíkorò àgbo náà kò jẹ́ kí àárò rẹ̀ sọ ọ́. Nígbà tí ẹsẹ̀ òsì tún bẹ̀rẹ̀ sí wúwo, ó fi pa mọ́ fún aya rẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Ẹfúnyẹmí pè é wá jẹun, kò lè dìde. Obìnrin náà fi ìka tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀, ojú ibẹ̀ jìn wọlé. Ó jókòó tì í.

“Bàbá Àbẹ̀ó, kí ni awo kìíní wí?”

“Ó ní kí n gbé e kalẹ̀.”

“Kí lorúkọ rẹ̀?”

“Gbé-e-kalẹ̀ ni.”

“Èkejì ńkọ́?”

“Ó ní kí n dúró ná. Dúró-ná lorúkọ tirẹ̀.”

“Ẹ̀kẹta wá ní kí ẹ ṣe kí ni?”

Ọdẹ́jìnmí ní òun kò dúró gbọ́ tirẹ̀. Ẹfúnyẹmí ní ó dára, kí ó sáà pe orúkọ rẹ̀ fún òun. Ọdẹ́jìnmí la ẹnu, ó ní, “Padà...” Kò lè parí rẹ̀.

Ẹfúnyẹmí rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ẹ̀rù sì wà nínú omijé náà. Ó ní, “Ẹ ti ń pe bàbá yẹn láti ìgbà tí ẹsẹ̀ ti ń dùn yín, ẹ ò gbọ́ ohun tí ẹ ń pè.”

Ó fi èjìká gbé ọkọ rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ bàbá náà. Padà-gbé-e wúkọ́, ó nu ẹnu, ó tún jókòó dáadáa. Lọ́tẹ̀ yìí, Ọdẹ́jìnmí kò mira.

Bàbá náà ní, “Èṣù kì í mu àgbo. Ó ń bá ọ ṣọ́ ìkòkò náà ni.”

Ó ní kí wọ́n lọ gbé ìkòkò náà, kí wọ́n da èyí tó ti kan nínú rẹ̀ nù, kí wọ́n fọ̀ ọ́. Ó se òmíràn sínú rẹ̀. Ọdẹ́jìnmí mu ún, ó fa ojú ro, ó tún mu. Ẹsẹ̀ rọ̀. Láti ọjọ́ náà, bí Ẹfúnyẹmí bá ti pè é lẹ́ẹ̀kan péré, ó ti dìde.

Ọ̀já parí kí Àbẹ̀ó tó bímọ. Ní ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, Àbẹ̀ó tú ọ̀já náà, ó gbé ọmọ sórí ẹní kí ó lè tún un pọ̀n. Ọmọ figbe ta. Ọdẹ́jìnmí bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tì í, ó ní, “Má sunkún. Wọ́n gbé ọ kalẹ̀ ni. Dúró ná. Ìyá rẹ á padà gbé ọ.” Àbẹ̀ó gbé e, ó fi ọ̀já aláró náà gbá a mọ́ ẹ̀yìn, ọmọ dákẹ́.

Báyìí ni ẹbọ Ọdẹ́jìnmí ṣe fín, tí ó dà. Ó rú u, ó yè, ó rí ọmọ-ọmọ. Ifá ní kí a máa rú ẹbọ tí a bá yàn fún wa, kí a sì máa gbọ́ràn. Bí ẹ bá sì lọ bá awo mẹ́ta, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jókòó kí ẹ̀kẹta sọ tirẹ̀.