Ọ̀jọ̀gbọ́n Tí Gbogbo Ayé Ń Tọ́ka Sí

Ọ̀jọ̀gbọ́n kan wà tó fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ṣe iṣẹ́ sólà. Sílíkọ́nì, ohun tí wọ́n ń yọ láti inú yanrìn, tó ń gba oòrùn tó sì ń sọ ọ́ di iná, òun ló mọ̀ jù. Nígbà tó wà ní ọ̀dọ́, ó ṣe ìpara kan tí wọ́n ń tẹ́ sójú sílíkọ́nì kó lè gba oòrùn sí i. Ó kọ ọ́ sínú ìwé pé nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n oòrùn, ìpara òun ń sọ méjìlélógún di iná. Ìwé náà rìn jìnnà. Ní Íńdíà, ní Bùràsílì, ní Jámánì, bí onímọ̀ bá fẹ́ kọ̀wé lórí sólà, orúkọ rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ dá. Àwọn tó tọ́ka sí i ti lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ta. Ìwé yẹn ló sọ ọ́ di ọ̀jọ̀gbọ́n.

Ṣùgbọ́n ó ti rẹ̀ ẹ́. Ọdún kan ló kù kó fẹ̀yìntì. Orúnkún ń dùn ún, ìyàwó rẹ̀ ti ṣaláìsí, kò sì fẹ́ ju kí wọ́n fi òun sílẹ̀ jẹ́ẹ́ lọ.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ń palẹ̀ yàrá ìwádìí àtijọ́ mọ́, obìnrin tó ń tọ́jú irinṣẹ́ wá bá a. Òṣùwọ̀n kékeré kan wà lọ́wọ́ rẹ̀. Láti ìgbà tí ọ̀jọ̀gbọ́n náà ti ṣe ìpara rẹ̀, òun ni wọ́n fi ń ṣètò àtùpà ńlá tí wọ́n ń tàn dípò oòrùn nígbà tí wọ́n bá ń dán sílíkọ́nì wò nínú ilé.

“Bàbá, mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ tuntun,” ni obìnrin náà wí. “Ó ń jẹ́ kí iná kéré lójú. Àtùpà yẹn ti máa ń mọ́lẹ̀ ju oòrùn lọ.”

Ọ̀jọ̀gbọ́n náà jókòó, ó tún ìṣirò rẹ̀ ṣe. Kì í ṣe méjìlélógún. Méjìdínlógún ni, iye tí sílíkọ́nì ń mú wá láìfi ohunkóhun kùn ún. Ìpara náà kò ṣe nǹkan kan.

Ó wá rántí Morádékẹ́, akẹ́kọ̀ọ́ kan ní ilé ẹ̀kọ́ gíga mìíràn, tó ti kọ lẹ́tà sí i lẹ́ẹ̀mẹta. “Ẹ jọ̀ọ́ sà, mo ti tẹ́ ìpara yín nígbà igba, kò kọjá méjìdínlógún. Kí ni mi ò ṣe dáadáa?” Àkọ́kọ́ nìkan ló dáhùn. Ó ní bóyá ọwọ́ rẹ̀ kò mọ́ tó, kó túbọ̀ máa ṣọ́ra.

Ó sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀, tó jẹ́ olórí ẹ̀ka wọn. Ọ̀rẹ́ náà ti ilẹ̀kùn. “Ta ló bi ọ́ ní ọ̀rọ̀?” ló wí. “Kọ́kọ́ fẹ̀yìntì ná. Bó bá yá, wọ́n á fúnra wọn rí i.”

Ìmọ̀ràn náà tù ú lára. Ó gbé òṣùwọ̀n náà sínú àpótí, ó tì í pa. Ṣùgbọ́n láràárọ̀ tó bá ṣí kọ̀ǹpútà rẹ̀, àwọn tó ń tọ́ka sí i ń pọ̀ sí i. Ohun tó ti máa ń dùn mọ́ ọn wá ń bà á lọ́kàn jẹ́. Àwọn wo nìyí? Ọdún mélòó ni wọn yóò fi tẹ́ ìpara tí kò wúlò? Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá, oúnjẹ kò lọ lẹ́nu rẹ̀. Níkẹyìn, ó kọ̀wé sí àwọn tó tẹ ìwé náà jáde pé kí wọ́n fà á padà, àṣìṣe òun ni. Ó sì wọkọ̀ lọ wá Morádékẹ́.

Morádékẹ́ ti kúrò nílé ẹ̀kọ́ gíga. Iléèwé girama kan ló ti ń kọ́ni. Ó kúnlẹ̀ kí bàbá náà, ó gbé àga fún un.

“Ọwọ́ rẹ mọ́,” ni ọ̀jọ̀gbọ́n náà wí. “Èmi ni mo ṣìṣe. Ohun tí o rí, òun ni òtítọ́.”

“Ọdún mẹ́rin ni mo fi wà lórí ìpara yẹn, sà,” ni Morádékẹ́ wí. “Mo sọ fún màmá mi pé n kò ní làákàyè iṣẹ́ yẹn.” Ó fi etí ìborùn nu ojú. Agogo lù, ó ní kí bàbá dákun má bínú, ó wọ kíláàsì lọ.

Ọ̀jọ̀gbọ́n náà jókòó sórí àga yẹn títí orúnkún rẹ̀ fi gbà á láyè láti dìde.

Ìwọ tí mò ń bá sọ̀rọ̀, àwọn ènìyàn ń fi ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ ṣe ẹ̀rí, inú rẹ sì ń dùn sí i. Má ka iye wọn. Ronú kan ẹnì kan ṣoṣo nínú wọn tó rò pé òun ni kò gbọ́n, nígbà tó jẹ́ pé ìwọ lo ṣì í lọ́nà. O mọ ẹni náà. O sì mọ ohun tó yẹ kí o sọ fún un. Mo mọ̀ pé ó ti rẹ̀ ọ́. Bó ṣe rẹ̀ ọ́ tó yẹn náà, dìde lọ sọ ọ́.