Ọdẹ Tí Kò Mọ Ajá Rẹ̀ Pè

Ọkùnrin kan wà ní abúlé kan ní ìhà Òkè-Ògùn, ọdẹ àparò ni. Láoyè, mo rí i pé o ti fẹ́ la ẹnu. Pa á dé ná. Ọ̀rọ̀ ọmọ rẹ tí kì í wálé mọ́ ni mo fẹ́ sọ, ṣùgbọ́n ti ọdẹ yìí ló máa ṣáájú.

Ọdẹ yìí kì í tàsé. Ẹsẹ̀ ló ń dà á láàmú. Alùpùpù gbé e ṣubú lọ́dún kan, egungun ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ kò sì tò dáadáa. Bí ó bá yìnbọn, tí àparò já sínú koríko, kò lè sáré lọ wá a mọ́. Kí ó tó wọ́sẹ̀ débẹ̀, ẹyẹ tó fara gbọta á ti rá wọ inú igbó. Ọdẹ tó ń pa ẹran tí kì í rí i gbé wálé, kí la fẹ́ pe ìyẹn? Ìyàwó rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í se ọbẹ̀ láìsí ẹran. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń bù ú fún un.

Ló bá lọ ra ọmọ ajá kan. Ó ní òun yóò kọ́ ọ kí ó máa gbé ohun tó bá bọ́ sílẹ̀ wá fún òun. Ìyẹn kò burú. Orúkọ ni ibi tí ó ti ṣì í.

O mọ bí a ṣe ń sọ ajá lórúkọ nílẹ̀ yìí. Ẹlòmíràn wà tí inú ń bí, tí kò ní sọ ọ́ lójú ẹni tó ṣẹ̀ ẹ́. Ajá ni yóò fi sọ ọ́. Ọdẹ yìí ń bá aládùúgbò rẹ̀ jà, ọ̀rẹ́ rẹ̀ àtijọ́, tí ògiri kan ṣoṣo pààlà ilé àwọn méjèèjì. Nígbà tí ọ̀rọ̀ ààlà oko kajú dé iwájú baálẹ̀, ọ̀rẹ́ yìí jẹ́rìí, ẹ̀rí rẹ̀ sì gbe ìdílé tó ń bá ọdẹ du ààlà náà. Gbogbo igi kajú tó wà létí odò bọ́ lọ́wọ́ ọdẹ. Láti ọjọ́ náà wọn kò kí ara wọn mọ́. Nígbà tí ajá dé, ọdẹ sọ ọ́ ní Ábálẹ̀lọ. Kò sí ẹni tó gbọ́ ọ ní abúlé náà tí kò mọ èyí tó ṣáájú rẹ̀: ẹni tó bá dalẹ̀, á bá ilẹ̀ lọ.

Ó wá bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ náà ní ẹ̀yìnkùlé, lẹ́bàá ògiri. Ó fi àkísà we kùkù àgbàdo kan, ó fi okùn dì í, ó jù ú. Ajá sáré, ó gbé e sẹ́nu. Ohun tó máa ń ṣòro kọ́ fún ajá mìíràn, èyí mọ̀ ọ́n láti inú ìyá rẹ̀ wá. Ọdẹ bá kọjú sí ògiri, ó na ọrùn, ó fi gbogbo agbára rẹ̀ ké: "Ábálẹ̀lọ! Ábálẹ̀lọ o!"

Ajá dúró. Ó wo ọ̀gá rẹ̀, ó wo ibi tí ọ̀gá rẹ̀ kọjú sí, ó sì gba ihò tó wà nídìí ògiri bọ́ sọ́dọ̀ aládùúgbò, òun ti kùkù àgbàdo rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe é fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Aládùúgbò máa ń ju nǹkan náà padà láti orí ògiri. Ọdẹ ní ọkùnrin yẹn ti fi oògùn gba ajá lọ́wọ́ òun. Bí ajá bá sì fẹsẹ̀ ara rẹ̀ padà wálé ní ìrọ̀lẹ́, pàṣán ni yóò fi kí i káàbọ̀. "Mo pè ọ́, o ò wá!" Ajá kò mọ̀ pé ti òwúrọ̀ ni wọ́n ń nà òun fún. Ohun tó mọ̀ kò ju pé òun wálé, wọ́n sì na òun.

Ní oko, ó burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ajá á gbé àparò sẹ́nu, á dúró lọ́ọ̀ọ́kán, á máa wò ó. Bí ọdẹ bá ti ké orúkọ rẹ̀ báyìí, eré dé nìyẹn, ó di ilé aládùúgbò. Ìyàwó aládùúgbò á kó ẹyẹ náà sínú abọ́, á gbé e wá fún ìyàwó ọdẹ. Ọdẹ ní òun kò ní jẹ ohun tó bá gba ọwọ́ ọ̀dàlẹ̀ kọjá. Ẹyẹ tó fi ìbọn ara rẹ̀ pa o! Ìyàwó rẹ̀ jẹ ẹ́ lójú rẹ̀, ó sì fọ́ egungun rẹ̀ mì.

Nígbà tó sú u, ó mú ajá lọ bá ìyá arúgbó kan ní abúlé mìíràn, tó ń kọ́ ajá fún àwọn ọdẹ. Ìyá náà ní kí ó ṣe é bí ó ti ń ṣe é nílé. Ọdẹ ju kùkù àgbàdo, ajá gbé e, ọdẹ ké. Àgbàlá ìyá yìí kò ní ògiri rárá, ṣùgbọ́n ọdẹ ti yí ojú sí ọ̀nà abúlé rẹ̀ kó tó ké.

"Ta lò ń pè?" ìyá náà bi í.

"Ajá yìí ni, Ìyá."

"Irọ́ lo pa. Ajá wà lẹ́yìn rẹ níbí. Ta lò ń pè?"

Ọdẹ yíjú padà wo ajá.

Ìyá náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó na ọwọ́, ó fi ètè pe ajá náà jẹ́jẹ́. Ajá wá sọ́dọ̀ rẹ̀. Ìyá náà kò já nǹkan náà gbà lẹ́nu rẹ̀. Ẹja gbígbẹ díẹ̀ ló fi hàn án, ajá la ẹnu, kùkù àgbàdo bọ́ sílẹ̀. Ó tún jù ú. Ajá tún gbé e wá.

"Ọmọ mi, kò sí ohun tó ṣe ajá rẹ," ni ìyá náà wí. "Ìjà ló ń gbọ́ nínú orúkọ rẹ̀, kò sì sí ẹni tó ń fi eré bọ̀ síbi ìjà. Pa orúkọ yẹn tì."

Ọ̀rọ̀ di ńlá sí ọdẹ lọ́rùn. Ẹni tí kò bá tíì ṣe irú rẹ̀ rí lè máa rẹ́rìn-ín. Orúkọ yẹn nìkan ló kù lọ́wọ́ rẹ̀ nínú ẹjọ́ náà. Kajú ti lọ, ọ̀rẹ́ ti lọ, baálẹ̀ ti dájọ́. Bí ó bá yí orúkọ ajá padà, gbogbo abúlé ni yóò gbọ́ pé ó ti túúbá. Ó ní òun á máa fi ohùn jẹ́jẹ́ pè é, orúkọ náà á sì dúró. Ó gbìyànjú fún ọjọ́ mẹ́ta. Ṣé èèyàn lè fi ohùn jẹ́jẹ́ ṣépè, Láoyè? Kó tó dé àárín orúkọ náà, ohùn rẹ̀ á ti le.

Lọ́jọ́ kẹrin, ó yìnbọn fún àparò kan lóko, ó sì bà á. Ajá gbé e, ó dúró ní nǹkan bí ogún ìṣísẹ̀ sí i. Ọdẹ la ẹnu. Ìgbà náà ló rí i pé ara ajá ń gbọ̀n. Ẹranko tó ń bá a ṣiṣẹ́, tí oúnjẹ ọ̀gá rẹ̀ wà lẹ́nu rẹ̀, ń gbọ̀n nítorí pé ọ̀gá náà fẹ́ sọ̀rọ̀. Ó dùn ún dé egungun. Ó gbé ìbọn sílẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ tó ń ro ó kúnlẹ̀, ó ní, "Máa bọ̀." Kò pe orúkọ kankan. "Máa bọ̀, jàre. Máa bọ̀."

Ajá wá. Ó ń ki ìrù bọ itan, ó ń dúró, ó tún ń bọ̀, títí tó fi gbé ẹyẹ náà lé e lórí orúnkún.

Ó di Máabọ̀ láti ọjọ́ náà. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ọdẹ pè é lẹ́bàá ògiri: Máabọ̀, Máabọ̀. Lódìkejì, ẹni tó ń la igi dáwọ́ dúró. Ohùn kan sì wá: "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o." Ó ti lé lọ́dún méjì tí ohùn yẹn ti kí i kẹ́yìn. Ọdẹ dáhùn. Ìdáhùn rẹ̀ kò gùn, mi ò sì ní purọ́ fún ọ pé wọ́n jọ mu ẹmu lọ́jọ́ náà. Ẹni tó jàre nínú ọ̀rọ̀ kajú, n kò mọ̀ ọ́n títí dòní.

Ó kàn ọ́ wàyí. O ti jókòó síwájú mi láti àárọ̀, ò ń wí pé, "Mo ń pe ọmọ yìí, kì í wá." Òótọ́ ni, ò ń pè é. Mo wà níjòkòó lọ́jọ́ Àìkú tí o tẹ̀ ẹ́ láago. Ó ní, "Ẹ káàárọ̀ sà." Kí lo fi dá a lóhùn? "Ọmọ ìyá ẹ! Ṣé ìyá ẹ ló ní o ò gbọdọ̀ wá wò mí?" Obìnrin tó ti kó jáde nílé rẹ láti ọdún mẹ́sàn-án lò ń bá jà, ọmọ lo sì ń fi pè é níjà. Ó wálé ní Kérésì, àbí kò wá? Kó tó sọ báàgì kalẹ̀, o ti bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́ ìyá rẹ̀. Ìyẹn náà, pàṣán ni.

Ọ̀sẹ̀ méjì ló kù kí ìdílé ọkọ àfẹ́sọ́nà rẹ̀ wá fún mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́. Kò sí ẹni tó fẹ́ sọ èyí fún ọ, nítorí náà èmi ni n ó sọ ọ́. Ọmọ náà ti lọ bá àbúrò rẹ tó wà ní Ṣakí, ó bẹ̀ ẹ́ pé kí ó wá jókòó sí ipò bàbá òun. Ó sunkún nígbà tó ń bẹ̀ ẹ́. Àbúrò rẹ kò tíì gbà. Ó ní òun á fún ọ láyè di òpin ọ̀sẹ̀ yìí.

Má sọ fún mi pé ìyá rẹ̀ jẹ̀bi. Ó lè jẹ̀bi. Bí o bá ṣì fẹ́ bá obìnrin náà jà, mo mọ ilé rẹ̀, n ó sìn ọ́ débẹ̀. Ṣùgbọ́n má tún gba orí ọmọ bá a jà mọ́. Nígbà tó wà ní kékeré, oríkì rẹ̀ lo fi ń pè é. Pè é bẹ́ẹ̀. Sọ pé, "Àwẹ̀ró," kí o má fi nǹkan kan kún un. Bó bá dákẹ́, kí ìwọ náà dákẹ́. Bó bá ń sunkún, jẹ́ kó sun ún tán. Ó máa pẹ́ díẹ̀ kó tó gbà pé òun gan-an lò ń pè.