Ọ̀kẹ́rẹ́ àti Ọmọrí Páànù

Ìyá Àgbà: Ààlọ́ o!

Àwọn ọmọ: Ààlọ̀!

Ìyá Àgbà: Ládépò, fi ẹsẹ̀ ọmọ ẹlẹ́sẹ̀ sílẹ̀, mi ò ní sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Àlọ́ mi rìn títí, ó yà sí ṣọ́ọ̀bù Ọ̀kẹ́rẹ́ tó ń lu páànù.

Ní ìgbà kan rí, Ọ̀kẹ́rẹ́ ni gbogbo ìlú ń gbé iṣẹ́ páànù fún. Ọwọ́ rẹ̀ yá, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ kì í balẹ̀. Á lu iṣẹ́ díẹ̀, á yọjú wo ọ̀nà, á tún sáré padà.

Àwẹ̀ró, opó kan tó ń dáko, gbé àgbá wá bá a. Àgbàdo tó fẹ́ gbìn ló wà nínú rẹ̀, ọmọrí ni kò ní. Ó ní eku ti jẹ ti èṣí, tí wọ́n bá tún jẹ èyí, òun àtàwọn ọmọ òun ò ní rí nǹkan gbìn. Ọ̀kẹ́rẹ́ ní kó fọkàn balẹ̀, òun á parí ẹ̀ kílẹ̀ tó ṣú.

Mọ́rẹ̀nikẹ́: Ṣé ó parí ẹ̀?

Ìyá Àgbà: Ṣé ẹnu tìẹ ni àlọ́ wà ni?

Ọ̀kẹ́rẹ́ gé páànù, ó tẹ etí ẹ̀. Ni àárín bá wú díẹ̀. Igbín, àgbà oníṣẹ́ páànù tágbára ẹ̀ ti tán, jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò ó.

Ó ní, “Má lu ibi tó wú, ọmọ mi. Lílù máa ń mú kí páànù fẹ̀ sí i ni, á tún wú sí i. Mú òòlù onígi, kóo fi lu ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ yí ká, jẹ́jẹ́.”

Ọ̀kẹ́rẹ́ ní ṣé bàbá ò rí i pé oòrùn ti ń wọ̀ ni. Ó gbé òòlù irin, ó sọ ọ́ lé ibi tó wú. Ó lù ú níhìn-ín, ó wú lọ́hùn-ún. Ó sáré bá a lọ́hùn-ún, ó tún yọ níhìn-ín. Ló bá forin sẹ́nu:

Mo lù ọ́ níhìn-ín o!
Kò dúró!
O tún wú lọ́hùn-ún o!
Kò dúró!

Ẹ gbè é dáadáa, àbí ẹ ò jẹun ni?

Ó lù ú títí páànù fi ká bí ewé gbígbẹ. Ilẹ̀ ṣú, ojú sì ń tì í láti sọ pé ó ti bàjẹ́. Ó fi ọmọrí náà dé àgbá, ó gbé òkúta lé e kó lè tẹ́. Nígbà tí Àwẹ̀ró dé, ó ní kó máa gbé e lọ bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, Àwẹ̀ró ṣí àgbá. Ìyẹ̀fun àti ìgbẹ́ eku ló bá. Etí ọmọrí tó ká sókè ni wọ́n gbà wọlé.

Ó gbé ọmọrí náà lọ bá Ọ̀kẹ́rẹ́. Kò pariwo.

Ó ní, “Ká ní o sọ fún mi pé ó bàjẹ́ ni, mo ní ìkòkò nílé.”

Mọ́rẹ̀nikẹ́: Ìyá Àgbà, ó mà ṣe o.

Ìyá Àgbà: Ó ṣe gan-an ni. Ọ̀kẹ́rẹ́ sunkún. Gbogbo àgbàdo ilé ẹ̀ ló kó fún Àwẹ̀ró, kò ku ẹyọ kan. Láti ọjọ́ náà ló ti ń sáré gun igi kiri, tó ń wá ohun tó máa jẹ.

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Tó bá sì ti bàjẹ́ lọ́wọ́ yín, ẹ tètè sọ.

Ibi tí mo bá àlọ́ dé nìyí. Bí mo bá fi irọ́ kún un, kí òjò tó ń rọ̀ lálẹ́ yìí wá mi rí lábẹ́ páànù òrùlé mi.