Erinmi Tó Ń Ṣọ́ Ilẹ̀kùn Odò

Àlọ́ o, ẹ̀yin ọmọ.
Àlọ̀ọ̀.
Àlọ́ mi já ṣọ̀ọ̀, ó bọ́ sọ́rùn Erinmi.

Àwọn ẹranko mọ odi dínà odò, kí omíyalé lè dópin, kí oko sì rómi mu lẹ́ẹ̀rùn. Wọ́n ní kí Erinmi máa ṣí ilẹ̀kùn odi ní àkọ́rọ̀ òjò, kí àyè lè wà fún òjò ńlá. Ṣùgbọ́n omi kíkún dùn ún wẹ̀.

Àkọ́rọ̀ rọ̀. Ọ̀yà, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń gbé létí odò nísàlẹ̀ odi, kọrin sí i:

Erinmi, ṣílẹ̀kùn o,
Ẹ gbè é: Òjò ń bọ̀.

Erinmi ní, “Ó dọ̀la.” Òjò kejì rọ̀, Ọ̀yà tún kọrin, ó tún dọ̀la. Lẹ́ẹ̀kẹta, odi ya kí Ọ̀yà tó lanu.

Erinmi wá a títí. Òun ló wá ń kọrin lábẹ́ omi báyìí:

Ọ̀yà, màá ṣílẹ̀kùn o.

Ẹ má gbè é, ẹ̀yin ọmọ. Ẹni tó yẹ kó gbè é ti bómi lọ.