Bí Pajápajá Ṣe Mú Àjàgbé Lórí Ọ̀pẹ

Ìwọ tí ò ń ka èyí, bí ẹsẹ̀ bá ń fà ọ́, má ṣe kà á ní ìdúró. Jókòó. Na ẹsẹ̀ rẹ síwájú. Ọ̀rọ̀ ara ni mo fẹ́ kọ, ẹ̀rù rẹ̀ sì ń bà mí. Odù tó sọ ọ́, n ò ní dárúkọ rẹ̀ síbí. Bí mo ṣe gbọ́ ọ ni mo ṣe ń kọ ọ́.

Fà-á-kí-o-tún-dẹ̀-ẹ́ ni awo tó dífá fún Àjàgbé akọpẹ, nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n lórí igi.

Àjàgbé ni ọ̀gá àwọn akọpẹ ìlú rẹ̀. Ọ̀pẹ tí ẹlòmíràn bá gbójú sókè wò tó yí padà, Àjàgbé á fi igbà, okùn ìgunpẹ rẹ̀, mọ́ ọn, á sì gùn ún. Ṣùgbọ́n lọ́dún yẹn, kò sinmi. Bó bá sọ̀ kalẹ̀ lórí èyí, á gun ìyẹn. Ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ó lọ bi Ifá léèrè: ṣé òun ò ní já bọ́?

Wọ́n ní kó rúbọ. Itan ewúrẹ́, iyọ̀, omi tútù. Wọ́n ní kó se itan náà, kó má fi ọ̀bẹ kàn án. Kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ya á ní fọ́nrán-fọ́nrán, kó pín in fún ará ilé. Lẹ́yìn náà, kó gbé igbà kọ́ ògiri títí oṣù tuntun yóò fi lé.

Awo ní, "Bí ẹran yẹn ṣe rí ni itan tìrẹ náà rí. Fọ́nrán ni, tí a dì mọ́ fọ́nrán, tí a wá so mọ́ egungun. Iṣan kò lè ti nǹkan, fífà nìkan ló lè fà. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ méjì-méjì. Bí ti iwájú bá ń fà, ti ẹ̀yìn á dẹ̀. Èyí tí kò bá ráyè dẹ̀, á le, kò sì ní gbọ́ tìrẹ mọ́."

Àjàgbé kó ẹbọ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹran jinná, ó fa ọ̀bẹ yọ.

"Ṣé arúgbó tí kò léyín ni mí, tí n ó máa ya ẹran wẹ́wẹ́?"

Ó gé e. Àwẹ̀ró, ìyàwó rẹ̀, gba èyí tó kù lọ́wọ́ rẹ̀. Ó jókòó ti ààrò, ó ń ya á. Ó rí àwọn fọ́nrán náà bí wọ́n ṣe tò lọ gbọọrọ. Bó bá fà á jẹ́jẹ́, wọ́n á tú. Bó bá fà á lójijì, wọ́n á já.

Ilẹ̀ mọ́. Àwọn akọpẹ ń lọ sóko. Ọ̀kan nínú wọn kígbe pé, "Bàbá Àjàgbé! Ṣé ẹsẹ̀ ti darúgbó ni? Ẹ jókòó ti ìyàwó yín o, a ó bá yín kọ tiyín!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Àjàgbé yọ igbà lára ògiri.

Àwẹ̀ró ní, "Baálé mi, oṣù ò tíì lé o."

Ó gbé igbà kọ́ èjìká, ó jáde. Àwẹ̀ró tẹ̀ lé e.

Lókè ọ̀pẹ, bó ti ń nawọ́ sí ìdì ẹyìn, pajápajá mú un. Ẹran ẹ̀yìn ojúgun rẹ̀ le bí òkúta. Ó ké. Ó ń fi gbogbo ipá tẹ ẹsẹ̀ mọ́ igi. Bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́ ló ń le sí i. Ọwọ́ rẹ̀ lọ síbi kókó igbà, èyí tí bí a bá tú u, ẹni orí igi á já bọ́.

Obìnrin kì í dárúkọ ọkọ nílé wọn. Àwẹ̀ró dárúkọ.

"Àjàgbé! Má tú u! Má bá ẹsẹ̀ jà! Fara ti igbà, kó gbé ọ dúró. Na ẹsẹ̀ náà, fa ọmọ ìka rẹ̀ sókè sójú ojúgun. Jẹ́jẹ́ o. Jẹ́jẹ́ ló ń tú!"

Ó ṣe bẹ́ẹ̀, ó ń sunkún. Ẹran náà dẹ̀ díẹ̀. Ó tún dẹ̀. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó sì wó sí ìdí igi.

Iṣan ti ya nínú ẹsẹ̀ náà. Ó dùbúlẹ̀ títí ẹsẹ̀ fi rù, torí iṣan tí a ò lò a máa tán lára. Ó tún ẹbọ rú. Lọ́tẹ̀ yìí, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ya itan. Ó sinmi bí wọ́n ti ní kó sinmi, ó rìn díẹ̀díẹ̀ bí wọ́n ti ní kó rìn. Ẹsẹ̀ kún padà. Ó yin awo, awo ní Ifá ni kó yìn. Ẹbọ tó rú tẹ́lẹ̀ kò pé, nítorí pé ó rú u, ṣùgbọ́n kò gba ìmọ̀ràn tó bá a wá. Ìgbà tó ṣe méjèèjì ni ire dé.

Lọ́jọ́ kan Àwẹ̀ró bi í pé, "Nígbà tí ọwọ́ yín lọ síbi kókó igbà, kí lẹ fẹ́ ṣe?"

Àjàgbé wo ọ̀nà oko. "Mo sọ̀ kalẹ̀. Ṣé kò tó?"

Ó tún bi í. Àjàgbé gbé igbà, ó gba ọ̀nà oko lọ. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni bóyá ìrora ti fẹ́ mú kí òun tú u, títí dòní.