Ìsọ̀ Tó Rìn Dé Ẹsẹ̀ Afárá

Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Bẹ́ẹ̀ ni Oyèdòkun onígbàjámọ̀ ṣe ń sún ìsọ̀ onípákó rẹ̀ mọ́ afárá tuntun tí wọ́n ń kọ́, kí àwọn òṣìṣẹ́ lè máa yà fárí. Nígbà tí ìsọ̀ náà dí ọ̀nà afárá, ẹnjiníà ní kó gbé e kúrò.

“Ibí ni mo wà kí ẹ tó dé,” ni Oyèdòkun wí, ó sì búra. Baálẹ̀ gbè é lẹ́yìn.

Oyèdòkun kò mọ̀ pé kámẹ́rà kan wà lórí òpó tó ń ya iṣẹ́ náà lójoojúmọ́. Ẹnjiníà so àwọn àwòrán náà pọ̀ di fíìmù, ó fi han ìlú. Iṣẹ́ ọdún kan di ìṣẹ́jú díẹ̀. Afárá ń ga sókè, kò sẹ́ni tó wò ó. Ìsọ̀ Oyèdòkun ni wọ́n ń wò, bó ṣe ń rápálá bọ̀ bí ìgbín láti ìdí igi ọ̀dán.

Baálẹ̀ yíjú sí Oyèdòkun.

“Ṣé ìsọ̀ rẹ lẹ́sẹ̀ ni?” Baálẹ̀ bi í.

“Baba, ilẹ̀ ibẹ̀ ló ń yọ̀.”

Ẹ̀rín gba gbogbo ibẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Oyèdòkun àti ọkùnrin mẹ́ta gbé ìsọ̀ náà padà. Baálẹ̀ tẹ̀ lé wọn, ó ní wọn kò gbọdọ̀ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lọ́nà, kó má baà tún bẹ̀rẹ̀ sí í rìn.