Ọkùnrin Tó Kọrin Nítorí Irin Tó Sán

Kí ló dé tí a fi máa ń fi ọgbẹ́ pamọ́ fún ẹni tó lè bá wa wẹ̀ ẹ́? Obìnrin inú ìtàn yìí ṣì ń wá ìdáhùn rẹ̀ títí dòní.

Ọkùnrin kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ yíyẹ ara ọkọ̀ òfuurufú wò. Bí ọkọ̀ náà bá gòkè, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ a mú kí ara rẹ̀ wú díẹ̀. Bó bá balẹ̀, ara rẹ̀ á súnkì. Bó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ láìsinmi, àárẹ̀ á mú irin, ẹ̀bá ihò ìṣó á sì bẹ̀rẹ̀ sí í sán, tín-ín-rín bí irun ìpéǹpéjú.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó kọrin wọlé. Ìyàwó rẹ̀ gbé ọmọ wọn lé ẹsẹ̀, ó dé fìlà mọ́ ọn lórí nínú ooru. Láàárọ̀, bó ti yíjú láti po ẹ̀kọ báyìí, ọmọ já bọ́ láti orí bẹ́ẹ̀dì, orí rẹ̀ so kókó.  Ìyá ń bẹ̀rù kí ọmọ má ti ṣèṣe nínú, ó sì ń bẹ̀rù ohun tí bàbá ọmọ máa sọ.

"Bàbá Ìbídùn, ṣé wọ́n ti sọ yín di ọ̀gá ni?"

"Wọn ò sọ mí di nǹkan kan. Mo rí ibi tó sán ni."

"Ẹ rí ejò nínú ilé, ẹ wá ń jó."

"Ejò tí mo rí kọ́ ló máa bù mí jẹ, Ìyá Ìbídùn. A ti gé ibẹ̀ kúrò, a ti fi irin tuntun lẹ̀ ẹ́. Èyí tó wà lábẹ́ ọ̀dà ni mò ń bẹ̀rù. Ìdí nìyẹn tá a fi máa ń kọ́kọ́ fọ ọ̀dà kúrò, bó ti wù kó dán tó."

 Obìnrin náà wo fìlà ọmọ. Ó ṣí i.

"Ó já bọ́ láàárọ̀."

Ọkùnrin náà ò jágbe. Ó fi ìka tọ́ ẹ̀bá kókó náà yíká, jẹ́jẹ́. "O ṣeun tó o sọ. Wọ bàtà ẹ."

Ní ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì tẹ orí ọmọ, ó tan iná sí i lójú. Ọmọ já gíláàsì ojú nọ́ọ̀sì gbà, kò sì fẹ́ fi sílẹ̀.

"Olè yìí ò ṣàìsàn," ni nọ́ọ̀sì wí. "Ẹ ṣáà máa ṣọ́ ọ di ọ̀la. Bó bá bì, ẹ gbé e padà wá."

Wọ́n rẹ́rìn-ín dé ilé.

Ìwọ tó ń gbọ́, bí nǹkan bá sán lọ́wọ́ rẹ, sọ ọ́ nígbà tó ṣì kéré. Bí ẹlòmíràn bá sì sọ tirẹ̀ fún ọ, kọ́kọ́ dúpẹ́ kí o tó bi í bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Ìbídùn ti ń lọ sílé ìwé kí ìyá rẹ̀ tó gbọ́ lẹ́nu ọ̀gá ọkọ rẹ̀ pé ibi tó sán yẹn, ọkọ rẹ̀ fúnra rẹ̀ ló yẹ̀ ẹ́ wò gbẹ̀yìn ṣáájú ọjọ́ náà, òun ló ní kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Òun náà ló sì fẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ sọ fún ọ̀gá, kó tó kọrin wálé.